Ẹ má tíì da òkúta sójú irin yẹn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Mò ń kọ́ rélùwéè kékeré ìwọ̀n HO (ìdá kan nínú 87 ti ojú ayé) lórí pákó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 244, tó sì fẹ̀ ní 122. Mo ti to ojú irin tán: ọ̀nà méjì tó yí pákó po, tí ọ̀kan ń gun afárá kọjá lórí èkejì, pẹ̀lú oríta irin mẹ́fà. DCC, ẹ̀rọ tó ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí ẹ̀ńjìnnì pẹ̀lú iná tó ń gba ojú irin, ni mo fi ń wà á. Ẹ̀ńjìnnì mi kan tó kéré, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, máa ń kú lórí méjì nínú àwọn oríta náà. Àwọn kóòṣì gígùn sì máa ń jábọ́ ní ojú ibì kan ṣoṣo nínú kọ́nà. Bí àwa tí a jọ ń ṣe é bá pàdé láti fi iṣẹ́ han ara wa, òkè àti odò ni àwọn yòókù máa ń ní, pákó lásán ni tèmi. Ṣé kí n kọ́kọ́ da òkúta, kí n gbin igi, kí èmi náà rí nǹkan fi hàn, kí n wá máa tún àwọn àléébù yẹn ṣe díẹ̀díẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ má dà á. Bí gọ́ọ̀mù bá ti mú òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ara irin, iṣẹ́ tí ìbá gbà yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò di iṣẹ́ odidi ọjọ́. Ẹ ó fi omi rẹ ẹ́, ẹ ó máa fi ọ̀bẹ wú u, ó sì ṣeé ṣe kí ahọ́n oríta kan (irin tó ń yí láti darí ọkọ̀) ti ṣẹ́ kí ẹ tó dé ibi tí àléébù wà. Méjèèjì tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ṣeé rí, wọ́n sì ṣeé tún ṣe nísinsìnyí tí pákó ṣì wà ní ìhòòhò. Ẹ lo àǹfààní yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀ńjìnnì ṣáájú. Ẹ ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, ìyẹn sì ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún mi. Ẹ̀ńjìnnì yìí kò gbé bátìrì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń gba iná lára irin méjèèjì bó ṣe ń lọ. Ẹ̀ńjìnnì gígùn tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ tàbí méjìlá lè ní ẹsẹ̀ kan lórí ibi tí iná kò sí, kí àwọn yòókù ṣì máa gba iná níbòmíràn. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì péré ló ní ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ọ̀kan bá bọ́ sójú ibi tí iná kò sí, tí ìdọ̀tí sì wà lábẹ́ èkejì, ó dúró nìyẹn.

Ibi tí iná kì í sábà sí lórí oríta ni frọ́ọ̀gì, níbi tí irin inú ọ̀nà méjèèjì ti pàdé tí wọ́n sì dábùú ara wọn. Iná ọ̀tún ni ọ̀kan gbé, iná òsì ni èkejì gbé, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kan ara wọn. Nítorí náà, kálukú tó ń ṣe oríta ló ní ọgbọ́n tó dá síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Peco ní England, fún àpẹẹrẹ, ti ta oríṣi mẹ́ta. Insulfrog ní ike lójú frọ́ọ̀gì, iná kò lè dé orí ike náà. Electrofrog jẹ́ irin látòkè délẹ̀, irin tí ahọ́n oríta bá fara tì ló sì ti ń gba iná. Unifrog jẹ́ irin, ṣùgbọ́n wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, wọ́n wá fi wáyà kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ so iná mọ́ ọn. Ẹ kò sọ irú èyí tí ẹ ní. Ẹ wo orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀. Bí páálí bá ti sọnù, ẹ wo ojú frọ́ọ̀gì náà fúnra rẹ̀, bóyá ike ni àbí irin tó ń dán.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wa ẹ̀ńjìnnì yẹn kọjá lórí oríta ní ìrìn tó lọ́ra jù lọ tó lè rìn, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó kú sí gan-an. Èyí ṣe pàtàkì ju irinṣẹ́ èyíkéyìí lọ. Bó bá jẹ́ pé orí frọ́ọ̀gì ló ti ń kú, frọ́ọ̀gì ni kò níná. Bó bá jẹ́ pé kò tíì dé frọ́ọ̀gì, tó kú nígbà tó gun ahọ́n, ahọ́n yẹn ni kò fara ti irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ oríta ló gbára lé ìfarakàn kékeré yẹn láti gbé iná kọjá, eruku tàbí ọ̀dà díẹ̀ níbẹ̀ sì ti tó láti dí i. Bó bá sì jẹ́ pé ó ti kọjá frọ́ọ̀gì tán kó tó kú, irin tó wà níwájú ni kò rí iná gbà, ó sì lè jẹ́ pé àléébù náà kì í ṣe ti oríta.

Bí ẹ bá ní mítà iná, ẹ yí i sí AC, kí ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kan irin méjèèjì. Iná DCC kò rí bí iná ilé, nítorí náà iye tí mítà lásán bá sọ kò ní péye, ṣùgbọ́n ìfiwéra ni à ń wá. Ibi tó bá ń sọ iye kan níwájú ẹ̀rọ, tó sì lọ sílẹ̀ gan-an tàbí tó di òfo ní ẹ̀yìn oríta, ẹ ti rí i.

Àtúnṣe wá da lórí ohun tí ẹ bá rí. Frọ́ọ̀gì onírin ń fẹ́ wáyà tirẹ̀, wáyà yẹn sì gbọ́dọ̀ gba inú ṣíwíìṣì tí yóò máa yí i sí iná ọ̀tún tàbí iná òsì bí ahọ́n oríta bá ṣe yí. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí a fi ń yí oríta ni ṣíwíìṣì yìí ti wà nínú rẹ̀. Àwọn kan tún wà tí wọ́n jẹ́ pátákó iná kékeré, tí wọ́n máa ń mọ̀ fúnra wọn pé iná ti takora, tí wọn yóò sì yí i padà kí ẹ̀ńjìnnì tó mọ̀. Lórí irú ti Electrofrog, ẹ má gbàgbé láti fi ìdè oníke, èyí tó ń so irin pọ̀ láìgbé iná kọjá, sí irin inú méjèèjì tó jáde láti ara frọ́ọ̀gì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀tì ni ẹ ó máa bá jà. Ti frọ́ọ̀gì oníke kò ní àtúnṣe lójú irin. Inú ẹ̀ńjìnnì ni ẹ ó lọ: kàpásítọ̀ tí yóò gbé iná fún un títí yóò fi kọjá, bí àyè bá wà nínú rẹ̀. Nínú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, àyè yẹn kì í pọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, tí oríta náà kò sì tíì lẹ̀ mọ́lẹ̀, màá yọ oríta oníke méjèèjì, màá sì fi onírin rọ́pò wọn. Bí òkúta bá ti wà lórí rẹ̀, ta ni yóò ní sùúrù bẹ́ẹ̀?

Ohun tí ẹ kò bi mí ni mo fẹ́ bi yín: wáyà mélòó ló gbé iná wá sí ojú irin yín? Bó bá jẹ́ méjì péré láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ DCC, àwọn ìdè pẹlẹbẹ tó so irin kan mọ́ èkejì ni ẹ fi gbogbo iná lé lọ́wọ́. Iṣẹ́ tiwọn ni láti mú irin dọ́gba lójú kan náà. Wọ́n ń gbé iná lóòótọ́ nígbà tí wọ́n ṣì tuntun, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ wọ́n á dẹ̀, irin á máa fẹ̀ á sì máa sún kì bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí, ìdọ̀tí á wọ àárín wọn. Irin tí a ń pè ní nickel silver pàápàá, tí ọ̀pọ̀ ojú irin òde òní fi ṣe, bàbà, síńkì àti níkẹ́ẹ̀lì ni, fàdákà kankan kò sí nínú rẹ̀, òun náà sì máa ń ṣú.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè ni pé kí irin kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀. Ẹ fa wáyà nílá méjì, àwọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gba abẹ́ pákó yí po. Èyí tí ojú gígé rẹ̀ jẹ́ 2.5 mm² tó fún ìwọ̀n pákó yín. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti fa wáyà tín-ínrín tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ wá sí abẹ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ irin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi òjé jó o mọ́ ọn. Iṣẹ́ tó ń súni ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Òun kan náà ló sì ń ya rélùwéè tó ń rìn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n máa ń fi ìka tì.

Bí ẹ bá ti parí, ẹ mú owó ẹyọ kan, kí ẹ tẹ́ ẹ dábùú irin méjèèjì. Ẹ̀rọ DCC gbọ́dọ̀ gé iná lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri, pàápàá níbi tó jìnnà jù sí ẹ̀rọ àti lẹ́yìn oríta kọ̀ọ̀kan. Ibi tí iná kò bá ti gé, wáyà ibẹ̀ kò tó. Ewu rẹ̀ ju pé ẹ̀ńjìnnì ń kú lọ. Lọ́jọ́ tí kóòṣì bá jábọ́ níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ so irin méjèèjì pọ̀, iná tó ń ṣàn gba inú rẹ̀ lè pọ̀ tó láti yọ́ ike láìjẹ́ pé ẹ̀rọ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀tì ni.

Ó wá ku kóòṣì. Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ pé ojú ibì kan ṣoṣo ni. Bí kóòṣì kan náà bá ń jábọ́ níbi gbogbo, ara kóòṣì ni ká wò. Bí oríṣiríṣi kóòṣì bá ń jábọ́ níbì kan náà, ojú irin ló jẹ̀bi.

Pákó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 122 kò lè gba kọ́nà tí rédíọ̀sì rẹ̀ ju bíi 56 lọ, bí ẹ bá fẹ́ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ létí pákó kí ẹ̀ńjìnnì má baà bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tó wà nínú á wá kéré sí ìyẹn. Kóòṣì èrò tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 85 lójú ayé, bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ni lórí HO. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọṣẹ́ gbà ni pé kí rédíọ̀sì kọ́nà tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn kóòṣì tó gùn jù kó tó lè máa lọ láìsí wàhálà. Ìyẹn á jẹ́ 90. Ẹ kò ní àyè fún 90. Ó túmọ̀ sí pé kóòṣì yín ń fipá kọjá ní gbogbo kọ́nà, àbùkù kékeré tí wágọ̀nù kúkurú kò ní kà sí ló sì máa gbé e ṣubú. Ẹ wá àbùkù yẹn.

Ojú tí irin méjì ti so pọ̀ nínú kọ́nà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bó bá jẹ́ ojú irin gígùn tó ṣeé tẹ̀ ni ẹ lò, orí rẹ̀ méjèèjì máa ń fẹ́ padà di gbọọrọ, kọ́nà á wá ṣẹ́ níbi ìdè dípò kó yí geere. Ẹ gbé ojú yín sọ̀kalẹ̀ dé ìpele irin, tàbí kí ẹ gbé fóònù lé ojú irin gan-an kí ẹ ya fọ́tò lọ sọ́ọ̀ọ́kán. Ohun tí ojú kò rí láti òkè á hàn kedere. Ẹ fi èékánná wọ́ orí irin kọjá níbi ìdè. Bí ó bá kọ́ èékánná, ẹsẹ̀ kóòṣì náà ń kọ́ ọ. HO jẹ́ ìdá kan nínú 87, nítorí náà mílímítà kan tí irin kan fi ga ju èkejì lọ, sẹ̀ǹtímítà 8.7 ni lójú ayé. Kò sí awakọ̀ rélùwéè tó máa gbà láti gba orí irú rẹ̀ kọjá.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ yọ gígùn méjèèjì, kí ẹ tẹ́ wọn gbọọrọ, kí ẹ fi òjé jó ìdè wọn pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní gbọọrọ, kí ẹ tó wá tẹ̀ wọ́n sí kọ́nà bí ẹni pé irin kan ṣoṣo ni. Ẹ má jó gbogbo ìdè tó wà lórí pákó o. Ti inú kọ́nà nìkan. Àwọn ibi gbọọrọ gbọ́dọ̀ ní àlàfo díẹ̀ tí irin àti pákó yóò fi máa fẹ̀.

Bí ìdè bá dára tí wọ́n ṣì ń jábọ́, ẹ wo bóyá irin méjèèjì dọ́gba láti ọ̀tún sí òsì, nítorí orí ìṣó kan tó yọ lábẹ́ ojú irin ti tó láti dà á rú. Ẹ fi àwo ìdíwọ̀n NMRA wọn àlàfo irin. NMRA ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ rélùwéè kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1935, àwo irin pẹlẹbẹ wọn yẹn sì wà fún yíyẹ ojú irin, oríta àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò. Àwọn náà ló dámọ̀ràn ìwúwo fún HO: bíi gíráàmù 28, kí ẹ fi 14 kún un fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ gùn. Kóòṣì tiyín tó gùn tó ínǹṣì 12 yẹ kó súnmọ́ gíráàmù 200. Ọ̀pọ̀ ló fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ láti inú páálí, èyí tó fúyẹ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n dànù nígbà tí àwọn tó wà níwájú bá fà á nínú kọ́nà. Bó bá sì jẹ́ pé kọ́nà ọ̀tún wọ kọ́nà òsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi irin gbọọrọ tó gùn tó kóòṣì kan sí àárín wọn.

Mo tún wo ọ̀rọ̀ afárá yín. Kí ọkọ̀ HO tó lè kọjá lábẹ́ òmíràn, ojú irin òkè gbọ́dọ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 7.5 ga ju ti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá gun òkè ní ìdá 2 nínú 100, èyí tí ẹ̀ńjìnnì ń fara dà, ẹ nílò sẹ̀ǹtímítà 375 láti gòkè, àti 375 mìíràn láti sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo àyíká pákó yín, bí kọ́nà bá tó 56, kò ju bíi 600 lọ. Nítorí náà òkè yín ti ga ju ìdá 2 lọ, ó lè tó 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kọ́nà sì tún ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn lórí rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, bí pákó ìwọ̀n yẹn ṣe rí fún gbogbo wa nìyẹn. Ẹ máa fa kóòṣì mẹ́ta dípò mẹ́fà, kí ẹ sì rí i pé ojú irin kò ṣàdédé tẹrí sókè ní ìsàlẹ̀ òkè tàbí ṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa gbéra díẹ̀díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kóòṣì á máa tú kúrò lára ara wọn.

Nípa ohun tí ẹ máa fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, èrò tèmi ni pé ẹ kò ṣe aláìní. Ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ rélùwéè kékeré kan wà láti 1946, Tech Model Railroad Club. Àwọn kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà fẹ́ràn ọ̀dà àti igi. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Signals and Power, abẹ́ pákó ni wọ́n ń gbé, nínú wáyà àti ṣíwíìṣì tẹlifóònù àtijọ́, láti inú wọn sì ni àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà dárà ti jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ jó wáyà á tẹ̀ ba wo abẹ́ pákó yín kí ó tó wo òkè ẹlòmíràn.

Ẹ ya fídíò ẹ̀ńjìnnì kékeré yẹn bó ṣe kú lórí oríta, ẹ tún ya bó ṣe kọjá lẹ́yìn àtúnṣe, láti ojú kan náà, ní ìrìn kan náà. Ẹ ya abẹ́ pákó kí àwọ̀ wáyà hàn. Ẹ gbé téèpù ìwọ̀n lé ẹ̀gbẹ́ ojú irin kọ̀ọ̀kan kí ẹ ya á kí ẹ tó bò ó. Ọjọ́ kan á wà tí ẹ ó máa wá ibi tí ìdè kan wà lábẹ́ koríko, fọ́tò yẹn ni ẹ ó sì padà sí. Fọ́tò tún ní iṣẹ́ mìíràn tí a kì í gbàdúrà fún. Gorre & Daphetid rélùwéè kékeré tí John Allen kọ́ ní Monterey ní California, tí òkè rẹ̀ ga láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ dé àjà, jóná ní 1973, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ kú. Àwòrán tó ti yà sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ iṣẹ́ náà.

Bí ojú bá sì ń tì yín nítorí pákó funfun, ẹ kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ lónìí, kí ẹ yẹra fún ojú irin àti oríta. Ẹ ó rí i bí yóò ṣe yàtọ̀. Ẹ lè kọ́ ilé lórí tábìlì lọ́tọ̀, ẹ lè gbẹ́ òkè láti ara fóòmù tí ẹ ó máa gbé lé e, tí ẹ ó sì máa gbé kúrò. Ohun tó bá ti lè kúrò lórí pákó láìfi ọ̀bẹ gé e, ẹ máa ṣe é lọ.

Ẹ má tíì da òkúta títí ọkọ̀ tó gùn jù tí ẹ ní yóò fi gba gbogbo oríta kọjá, ọ̀nà ọ̀tún àti òsì, níwájú àti ní ẹ̀yìn. Ti ẹ̀yìn ni mo tẹnu mọ́ jù. Títì máa ń tú àléébù tí fífà bò mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ọjọ́ yí padà díẹ̀ láàárín, ọ̀rinrin àti ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹ tún wà á. Nígbà náà, ẹ kun ẹ̀gbẹ́ irin, ẹ nu orí rẹ̀, ẹ da òkúta, ẹ fọ́n ọtí isopropyl sí i kó rin, kí ẹ tó kán gọ́ọ̀mù funfun tí ẹ ti fi omi là ní ìdajì sí ìdajì, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo kan. Kí gọ́ọ̀mù má ṣe dé ahọ́n oríta rárá. Ẹ máa yí ahọ́n náà síwá sẹ́yìn bó ṣe ń gbẹ.

Bí kóòṣì bá ṣì ń jábọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yẹ ìdè àti ìwúwo wò, ẹ fi fídíò tí ẹ yà láti ìpele irin ránṣẹ́, kí ẹ kọ rédíọ̀sì kọ́nà yẹn àti irú ojú irin tí ẹ lò mọ́ ọn.